"Yí ọwọ́ lé e!": ìmọ̀ràn tó ń ba forehand wa jẹ́

Ẹni tó bá dé kóòtù tẹ́níìsì ní Ìlọrin lẹ́yìn ìrun Aláásárì, nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, kò ní pẹ́ kó tó gbọ́ ọ: "Yí i lé e! Yí ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù!" Àwọn ẹ̀gbọ́n ló sábà máa ń pariwo rẹ̀ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ forehand, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ tí èèyàn fi di rákẹ́ẹ̀tì mú. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé, ní kété tí bọ́ọ̀lù bá kan okùn rákẹ́ẹ̀tì, kí èèyàn fi ọrùn ọwọ́ yí ojú rákẹ́ẹ̀tì borí rẹ̀, bí ẹni ń da igbá dé nǹkan, kí bọ́ọ̀lù lè máa yí síwájú, kó sì wálẹ̀ sínú kóòtù. Yíyí tí bọ́ọ̀lù ń yí síwájú yìí ni a ń pè ní topspin.

Topspin wà, ó sì dára. Yíyí ọwọ́ lé bọ́ọ̀lù ni kò sí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè dun àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì sọ ọ́ láti tàbùkù ẹnikẹ́ni. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún mẹ́fà, ìgúnpá mi ló sì jìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí bọ́ọ̀lù ṣe ń pẹ́ tó lórí okùn. Nǹkan bí ìdá 4 sí 5 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan ni. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́ẹ́, bọ́ọ̀lù ì bá ti kan okùn kó sì kúrò níbẹ̀ ní ìgbà ogún. Ìmọ̀lára tó ń ti àtẹ́lẹwọ́ lọ sí ọpọlọ pàápàá kì í yára tó bẹ́ẹ̀: kí ọpọlọ tó gbọ́ pé bọ́ọ̀lù ti kan rákẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ẹni tó bá ní òun ń dúró kí bọ́ọ̀lù kàn kí òun tó yí ọwọ́, afẹ́fẹ́ ló ń yí ọwọ́ lé.

Ẹni tó bá wá yí i ṣáájú ńkọ́? Ìyẹn gan-an ló burú jù. Láti ìlà ẹ̀yìn kóòtù dé ìdí nẹ́ẹ̀tì jẹ́ nǹkan bí mítà 11.9. Bí ọ̀nà bọ́ọ̀lù bá yẹ̀ ní dígírì kan péré, tó bá máa fi dé nẹ́ẹ̀tì, á ti fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 yàtọ̀ sí ibi tí a fẹ́. Tó bá yẹ̀ ní dígírì márùn-ún, á ti lé ní mítà kan, nẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ kò sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 91.4 lọ láàárín. Ojú rákẹ́ẹ̀tì tó ń yí fìrì bí bọ́ọ̀lù ṣe ń dé, ta ló lè sọ pé dígírì kan báyìí ni bọ́ọ̀lù máa bá a? Ìdí nìyẹn tí forehand ẹni tó ń yí ọwọ́ fi máa ń wọlé lọ́jọ́ Ajé, tí gbogbo rẹ̀ á máa kó sí nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí olúwarẹ̀ á sì máa rò pé ara òun ni kò yá.

Níbo wá ni topspin ti ń wá? Láti ìsàlẹ̀ ni. Rákẹ́ẹ̀tì á kọ́kọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ, á wá máa gòkè bọ̀ bó ṣe ń lọ síwájú, ojú rẹ̀ á sì dúró ṣánṣán kọjú sí nẹ́ẹ̀tì, tàbí kó tẹ̀ síwájú ní dígírì díẹ̀. Okùn á ra ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ẹ wo bíríkìlà tó ń rẹ́ ògiri: irin ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, láti ìsàlẹ̀ ló sì ti ń ra sìmẹ́ńtì lọ sókè. Tó bá lọ da ọwọ́ délẹ̀ láàárín, sìmẹ́ńtì á já lulẹ̀. Ohun kan náà ni.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó ń yí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òde òní. Ní 1672, Isaac Newton mẹ́nu kàn án nínú lẹ́tà kan tó kọ nípa ìmọ́lẹ̀, pé òun ti rí bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì tí a fi rákẹ́ẹ̀tì gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ọ̀nà rẹ̀ sì tẹ̀. Ọmọ Jámánì kan, Gustav Magnus, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1852, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe agbára yìí títí di òní. Bí bọ́ọ̀lù bá ń yí síwájú, orí rẹ̀ ń sáré pàdé afẹ́fẹ́, ìdí rẹ̀ sì ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lára rẹ̀ á wá yà sókè lẹ́yìn rẹ̀, èyí á sì ti bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀. Nítorí èyí ni èèyàn ṣe lè gbá bọ́ọ̀lù kó fi mítà kan kọjá lókè nẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú agbára, kó sì tún balẹ̀ sínú. Nígbà tí wọ́n wọn bọ́ọ̀lù Rafael Nadal, gbajúgbajà agbátẹ́níìsì ọmọ Sípéènì, wọ́n ní forehand rẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 3,200 láàárín ìṣẹ́jú kan. Gígòkè rákẹ́ẹ̀tì ló bí gbogbo yíyí yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù nìyí: kí ló dé tí àwọn tó mọ tẹ́níìsì gbá gan-an fi ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀?

Alàájì kan wà ní kóòtù wa, ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, forehand rẹ̀ sì wu gbogbo wa. Láyé ìgbà tí Nduka Odizor lé Guillermo Vilas jáde ní ìdíje tẹ́níìsì Wimbledon, ní 1983, ni Alàájì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Tó bá ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn, ojú rẹ̀ á máa dán, pàápàá nítorí pé ọ̀gá topspin ni Vilas, ọmọ Nàìjíríà ló sì lé e lọ sílé. Alàájì yìí gan-an ni olórí àwọn tó ń pariwo "Yí i lé e!" Ní Sátidé kan nígbà ọyẹ́, mo bẹ̀ ẹ́.

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbá forehand mẹ́wàá, kí n fi fóònù yà á."

"Ṣé o fẹ́ máa kọ́ mi ni?"

"Rárá o, sà. Mo fẹ́ rí bí ẹ ṣe ń yí i ni, kí èmi náà lè ṣe é."

Mo gbé fóònù ti àpò rákẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù, mo sì fi í sí ibi tó ti ń ya àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ló lè ṣe é. Fídíò lásán tó ń ya 30 kò lè ràn wá lọ́wọ́, torí láàárín àwòrán kan sí èkejì, bọ́ọ̀lù lè dé kó kàn, kó sì lọ, kí kámẹ́rà má rí i rárá. Ojú tiwa náà kò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ojú ń rí ni ìparí: apá tó ti ré kọjá àyà, ojú rákẹ́ẹ̀tì tó ti dojú bolẹ̀. A wá ń rò pé ìparí yẹn ló gbá bọ́ọ̀lù.

A jókòó sí abẹ́ igi, a ń wò ó ní ìkọ̀ọ̀kan. Nínú àwòrán kan, bọ́ọ̀lù kò tíì dé. Nínú èyí tó tẹ̀ lé e, ó wà lórí okùn, ojú rákẹ́ẹ̀tì Alàájì sì dúró ṣánṣán bí ilẹ̀kùn. Nínú ẹ̀kẹta, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ó tó àwòrán mẹ́wàá mìíràn kí ojú rákẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ sí í dojú bolẹ̀. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó gbá, bákan náà ni. Alàájì kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n dá a padà, kí òun tún un wò.

Ohun tí mo fà yọ níbẹ̀ ni pé àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ. Ara wọn ti kọ́ èyí tó tọ̀nà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnu wọn ló ń ròyìn ìparí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ló ń gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe wà, tó sì ń ṣe é gan-an. Ní Amẹ́ríkà, kóòṣì kan tó ń jẹ́ Vic Braden ti fi kámẹ́rà ayáragidi fi irú èyí han àwọn èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù nínú àpò. Síbẹ̀ ìgbàgbọ́ náà kò kú.

Àwọn kan á ní, "Ṣùgbọ́n apá àwọn agbábọ́ọ̀lù ńlá ń yí, a rí i." Òótọ́ ni, ó ń yí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni so apá rẹ̀ rigidi. Ẹ rántí wáípà mọ́tò nígbà òjò. Ó ń lọ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, ó ń yí lójú dígí, àmọ́ kì í ká bo dígí. Bẹ́ẹ̀ ni rákẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe nígbà tó bá ń kọjá bọ́ọ̀lù: orí rẹ̀ ń gòkè, ó sì ń yí lọ sí ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ sì tún wà níbi tó kọjú sí. Ọrùn ọwọ́ fúnra rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí apá ń bọ̀ síwájú, ó sì rọ̀. Lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù bá lọ, kí apá yí bó bá ṣe wù ú.

Ìgbàgbọ́ yìí ní àbúrò kan tí mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kàn, pé ọwọ́ ló ń gbá bọ́ọ̀lù le. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ẹ bi ẹni tó mọ ìjàkadì ní Ọ̀fà bóyá apá ló fi ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ ilẹ̀, ìbàdí ló fi ń yí i, apá kàn ń di ẹni náà mú ni. Forehand kò yàtọ̀ síyẹn. Ẹ fi ọwọ́ òsì bá ọwọ́ ọ̀tún gbé rákẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn, títí èjìká òsì á fi kọjú sí nẹ́ẹ̀tì. Ẹ tẹ orúnkún. Kí ìbàdí ṣáájú, kí èjìká tẹ̀ lé e, kí apá wá gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀ gbọlọjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara kò lè yí èjìká tó. Bọ́ọ̀lù tó ti pẹ́, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń lò títí á fi pá lórí, kì í ta sókè mọ́. Ìyẹn ni pé orúnkún gbọ́dọ̀ tẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí rákẹ́ẹ̀tì tó lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ti ìgúnpá mi: ibi inú rẹ̀, níbi tí iṣan tó ń tẹ ọrùn ọwọ́ síwájú ti so mọ́ egungun, ló ń ro mí. Mo ń di èèkù rákẹ́ẹ̀tì mú bí ẹni di ọ̀kọ̀ mú, mo sì ń já ọrùn ọwọ́ bolẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbá bọ́ọ̀lù. Oṣù mẹ́ta ni mi ò fi lè gbé rákẹ́ẹ̀tì. Korobá omi pàápàá, ọwọ́ òsì ni mo fi ń gbé e. Mo mọ ẹni méjì míì tó fi eré yìí sílẹ̀ pátápátá nítorí irú ìrora bẹ́ẹ̀, ó sì ń dùn mí, torí tẹ́níìsì jẹ́ eré tí èèyàn lè gbá dọjọ́ ogbó. Tí ìgúnpá yín bá ń ro yín ju ọ̀sẹ̀ méjì-mẹ́ta lọ, ẹ má ṣe fi ìpara nìkan pa á. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ sì rọ ọwọ́ tí ẹ fi ń di èèkù. Kí ó le tó kí rákẹ́ẹ̀tì má ṣe jábọ́, ó ti tó.

Ọ̀nà tí mo fi tún forehand mi ṣe kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo lọ síbi wáyà tí wọ́n fi ṣe ọgbà kóòtù, mo fi bọ́ọ̀lù tì í ní déédéé ìbàdí, mo sì fi ojú rákẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Láti ibẹ̀, mo ń ra rákẹ́ẹ̀tì lọ sókè, kí bọ́ọ̀lù máa yí gun wáyà títí dé déédéé orí. Bí mo bá yí ọwọ́ bolẹ̀, bọ́ọ̀lù á bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wáyà kì í purọ́. Ogún ìgbà lójoojúmọ́ ni mo ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ni mo dúró sí ìlà sáàfù, èyí tó wà láàárín nẹ́ẹ̀tì àti ìlà ẹ̀yìn, tí mò ń fi ọwọ́ òsì ju bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níwájú ara mi, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó ta, kí n wá gbé e gba òkè nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mi ò wá agbára rárá lásìkò yẹn. Ohun tí mò ń wá ni kí bọ́ọ̀lù ga, kó sì já wálẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù á máa fò kọjá ìlà ẹ̀yìn, àwọn tó ń wòran á sì ní ṣé ẹ ti rí i, ẹ padà máa yí ọwọ́. Ẹ má ṣe padà. Bọ́ọ̀lù tó ń fò jáde ń sọ ọ̀kan nínú ohun méjì: ojú rákẹ́ẹ̀tì ti ṣí sókè jù kí bọ́ọ̀lù tó dé, tàbí rákẹ́ẹ̀tì kò lọ sí ìsàlẹ̀ tó. Ẹ wo bí ẹ ṣe di èèkù mú. Kí ìdí ìka ìfábẹ̀là wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún èèkù fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, tàbí kó sún díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe lórí rẹ̀ bí ẹni di àdá mú. Lẹ́yìn náà, ẹ tún orúnkún tẹ̀ sí i.