Ìtúnṣe àbùdá igi láti fara da òtútù

Ìtúnṣe àbùdá igi láti fara da òtútù ni fífi jíìnì (ohun tó ń gbé àbùdá láti ìran dé ìran) ewéko mìíràn sínú igi ilẹ̀ olóoru, kí ó lè yè níbi tí omi ti máa ń dì. Àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni yúkálíptọ́ọ̀sì, igi tó tètè ń dàgbà, tí ilé-iṣẹ́ ArborGen gbìn sí gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Òtútù lásán kọ́ ló ń pa igi. Bí omi tó wà láàrin àwọn sẹ́ẹ̀lì bá dì, á máa fa omi inú sẹ́ẹ̀lì jáde, sẹ́ẹ̀lì á gbẹ, awọ rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ọ̀gbẹlẹ̀ náà ń ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àgbẹ̀ Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà, níbi tí omi kì í ti í dì lára ewé.

Ní 1997, Michael Thomashow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ṣàlàyé jíìnì CBF1 lára Arabidopsis, ewéko kékeré tó jẹ́ ìbátan kábéèjì. Jíìnì yìí ló ń jí àwọn jíìnì mìíràn tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, ewéko kò ní dàgbà dáadáa. Nítorí náà ArborGen lo CBF2, ìbátan CBF1, pẹ̀lú ẹ̀yà DNA (ohun tí a fi ṣẹ̀dá jíìnì) tó ń jí i nígbà tí òtútù bá dé. Wọ́n tún fi jíìnì bakitéríà kan sí i kí igi má baà ní lẹ́búlẹ́bú òdòdó. Ní 2010 ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí igi tó lé ní 200,000 yọ òdòdó lóko ìdánwò. Àwọn alátakò ní igi náà ń mu omi púpọ̀, ó ń tètè gbiná, ó sì lè tàn wọ igbó. Ẹ̀sùn omi àti iná kò jẹ mọ́ jíìnì tuntun, yúkálíptọ́ọ̀sì lásán náà ní in.

Ní Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà, kòkó ni igi owó, ọyẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀, pàápàá fún ọmọ kòkó. Kòkó fẹ́ kí ìpíndọ́gba ooru tó kéré jù wà ní nǹkan bí 18 sí 21°C. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń gbọn ewé rẹ̀ dànù. Ibí ni jíìnì òtútù ti kan ọ̀gbẹlẹ̀: orúkọ mìíràn fún ẹbí jíìnì CBF ni DREB1. Ìbátan rẹ̀, DREB2, ń dáhùn sí ọ̀gbẹlẹ̀. Láti 2015 ni òfin ààbò ohun alààyè ti wà ní Nàìjíríà, wọ́n sì fọwọ́ sí ẹ̀wà tí a tún àbùdá rẹ̀ ṣe ní 2019. Lóko kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ làwọn àgbẹ̀ ń gbìn kí ó ṣíji bo ọmọ kòkó.