Ìkòkò Àgbo Ibà Kí Dógóyárò Tó Dé

Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá òde òní pé kí ni wọ́n ń sè fún ibà, dógóyárò ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyá tó ń se àgbo ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ní ọdún 1850 kò fojú kan igi náà rí. Íńdíà ni orírun rẹ̀. Nǹkan bí ọdún 1928 ni wọ́n kó irúgbìn rẹ̀ láti Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, lọ gbìn sí Borno, kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú orúkọ Haúsá rẹ̀. Ohun tí à ń pè ní àgbo ìbílẹ̀, ìkòkò rẹ̀ ló ti pẹ́; ewé inú rẹ̀ kò yé yí padà.

Kí ló wà nínú ìkòkò náà nígbà yẹn? Òrúwọ wà níbẹ̀, ewé àti èèpo rẹ̀, kíkorò tí ọmọdé á ti máa sá kí wọ́n tó bu àgbo sí igbá. Egbò ẹ̀gbẹ̀sì wà níbẹ̀, èèpo ahùn náà, àti èèpo àwọ́pa tó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Àwọn mìíràn á fi ewúro tàbí ẹfínrín sí i. Wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sí ìkòkò amọ̀, wọ́n á rọ omi sí i, wọ́n á dé e pa, ó di orí ààrò. Aláìsàn á mu nínú rẹ̀, á fi wẹ̀, á sì da aṣọ bo ara rẹ̀ àti ìkòkò kí oòru lè mú kó làágùn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e kaná, títí omi rẹ̀ á fi ṣá. Ìyá àgbà inú agbo ilé ló ń ṣe èyí. Ìgbà tí àìsàn bá ju agbára rẹ̀ lọ ni wọ́n tó ń ránṣẹ́ sí adáhunṣe tàbí kí wọ́n lọ bi Ifá.

Ogun ni mo gbà pé ó da ìkòkò náà rú jù lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí Ọ̀yọ́ Ilé tó tú pátápátá ní àwọn ọdún 1830, àwọn ará ọ̀dàn ti ń rọ́ wá sí ẹ̀bá igbó. Ìbàdàn tó bẹ̀rẹ̀ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí 1829 kún fún ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá. Àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó ní 1830. Ẹni tó ti mọ ẹ̀gbẹ̀sì nínú pápá ilé baba rẹ̀ wá bá ara rẹ̀ níbi tí ahùn àti àwọ́pa wà. Obìnrin méjì tí ogun kó jọ sí ojúlé kan, tí ọmọ àwọn méjèèjì ń ṣe ibà, kí ni wọn ò ní fi han ara wọn? Ẹ lọ wo àtẹ lẹ́kùlẹ́jà ní Ìbàdàn: egbò ọ̀dàn, èèpo igbó, àti kán-ún tó ti ìhà adágún Chad wá, gbogbo wọn wà pa pọ̀.

Àlejò òkun sì ti wọlé ṣáájú ogun. Ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti tábà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, ọkọ̀ òyìnbó ló gbé wọn kọjá òkun. Omidùn tí wọ́n ń rẹ egbò jẹ̀díjẹ̀dí sí, omi ògì ni, ara àgbàdo sì ni ògì ti ń jáde. Ará Amẹ́ríkà ni àgbàdo náà. Ẹ̀rín máa ń pa mí bí ẹnì kan bá ń búra pé àgbo jẹ̀dí òun kò yí padà láti ìgbà Odùduwà. Ataare àti eérú ni ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dára o. Gìrì ló ń já ìyá ọmọ láyà jù, ọ̀kan nínú oògùn rẹ̀ sì ni ewé tábà tí wọ́n rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Àwọn dókítà Ìbàdàn yẹ àpòpọ̀ yìí wò ní ọ̀rúndún ogún, wọ́n sì rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ débi tí ó lè pa á. Ẹ má fún ọmọ yín.

Ibà tó ń ṣe wá náà ló ń pa òyìnbó. Nígbà tí wọ́n wọ odò Ọya ní 1841, lé ní 40 nínú wọn ló kú. Samuel Àjàyí Crowther wà pẹ̀lú wọn. Ó tún bá wọn lọ ní 1854, nígbà tí Dókítà Baikie jẹ́ olórí ìrìn àjò, tó sì ní kí àwọn òyìnbó máa lo kuníní. Ibà kò pa ẹnì kan nínú wọn. Láti inú èèpo igi kíkorò kan lórí àwọn òkè Peru ni kuníní ti wá, ìyá àgbà tó ń gé èèpo ahùn kò ní bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń fa ibà ni kò yé ẹnikẹ́ni: àwọn tiwa ń bá oòrùn wí, òyìnbó ń bá afẹ́fẹ́ irà wí. Ó di 1897 kí Ronald Ross tó rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1889, Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson òpìtàn, ti gba oyè dókítà ní Edinburgh pẹ̀lú ìwé tó kọ lórí ìwòsàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ti ọgbẹ́ kò yàtọ̀. Ẹni tí àdá bá ṣá lóko láyé ìgbà náà, yúnyún ni yóò já, tí yóò ra á, tí yóò fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Lónìí ewé Akíntọ́lá ni ọ̀pọ̀ ń já. Ewé náà kò sí nílẹ̀ wa rárá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìparí àwọn ọdún 1930 ló bá irúgbìn igi mẹlíná wọlé láti Sílóònù, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Bí àgbẹ̀ ti ń ro ó ló ń hù. Nígbà tí wọ́n ní kí Ládòkè Akíntọ́lá kúrò nípò olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ní 1962, tó ní òun ò lọ ibì kankan, àwọn àgbẹ̀ ti rí orúkọ fún ewé náà: Akíntọ́lá-ta-kú.