Àwọn erékùṣù tó ń ta ọjọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí ẹja túnà Òkun Pàsífíìkì

Ní ọdún 1982, orílẹ̀-èdè méje nínú Òkun Pàsífíìkì pàdé ní Nauru, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé àwọn yóò jọ máa bójú tó ẹja túnà inú omi wọn. Àwọn ni Kiribati, Nauru, Palau, Papua New Guinea, Micronesia, Erékùṣù Marshall àti Erékùṣù Solomon. Tuvalu dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn náà. Ohun tí wọ́n gbé ṣe láti ìgbà yẹn wú mi lórí gidigidi, ó sì dùn mí pé àwọn tó mọ̀ ọ́n ò pọ̀.

Báwo ni ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ní ẹja tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ilẹ̀ Nauru jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 21. Ti Tuvalu jẹ́ 26. Ṣùgbọ́n òfin òkun àgbáyé fún orílẹ̀-èdè tó bá ní etíkun láṣẹ lórí ẹja inú omi rẹ̀ títí dé máìlì ojú òkun 200, ìyẹn bíi kìlómítà 370. Erékùṣù Kiribati fọ́n káàkiri ìlà agbedeméjì ayé. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin 811 péré, omi rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Skipjack, ìyẹn túnà kékeré tó wọ́pọ̀ jù nínú agolo, ló kún inú omi wọ̀nyí. Èyí tí wọ́n ń rí pa níbẹ̀ sún mọ́ ìdajì ti gbogbo ayé.

Kí ló dé tí oníkálukú ò dá ta tirẹ̀?

Wọ́n dán an wò, wọ́n sì jìyà rẹ̀. Túnà kì í dúró sójú kan. Ẹja tó wà nínú omi Nauru lónìí lè wà nínú omi Kiribati láìpẹ́. Àwọn tó ń wá a láti òkèèrè mọ èyí dáadáa. Bí erékùṣù kan bá béèrè owó tó tọ́, wọ́n á ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ tí kò gba tó bẹ́ẹ̀. Erékùṣù kejì náà á tún dín tirẹ̀ kù kí oníbàárà má baà lọ.

Amẹ́ríkà tiẹ̀ kọ̀ láti gbà pé owó tọ́ sí wọn rárá. Èrò rẹ̀ nígbà náà ni pé ẹja tó ń rìn káàkiri kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ní 1984, Erékùṣù Solomon mú ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Jeanette Diana, tó ń pẹja nínú omi wọn láìgbàṣẹ. Amẹ́ríkà fi ìbínú fòfin de ẹja Solomon, kò jẹ́ kó wọ ọjà rẹ̀ mọ́. Ẹ wo bí èyí ṣe máa nira tó fún orílẹ̀-èdè tí ẹja jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ọjà tó ń tà. Ṣùgbọ́n ní 1985, Kiribati fún ọkọ̀ Soviet Union, orogún Amẹ́ríkà nígbà náà, láṣẹ láti wá pẹja, àyà Amẹ́ríkà sì já. Nígbà tó di 1987, ó bá àwọn erékùṣù tọwọ́ bọ̀wé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì gbà láti máa sanwó.

Wọ́n ní ọjọ́ ni wọ́n ń tà, kì í ṣe ẹja. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Èyí gan-an ni ọgbọ́n tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, iye ọkọ̀ ni wọ́n ń kà: 205 ni wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n. Àwọn ọlọ́kọ̀ kàn ń kan ọkọ̀ tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Wọn ò lè ka ẹja náà pẹ̀lú ìrọ̀rùn, torí ẹnu ọ̀gá ọkọ̀ ni wọn ì bá máa gbọ́ ọ láàárín agbami. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ò ṣeé fi pamọ́. Sátẹ́láìtì ń rí ọkọ̀, ó ń rí ibi tó wà, ó sì ń rí iye ọjọ́ tó lò níbẹ̀.

Nítorí náà, láti nǹkan bíi 2007, wọ́n ń pinnu iye ọjọ́ tí gbogbo ọkọ̀ tó ń fi àwọ̀n ńlá yí ọ̀wọ́ ẹja po lè fi pẹja lọ́dún. Wọ́n á pín in láàárín ara wọn, oníkálukú á sì ta ìpín tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ tà á ní iye tó kéré sí èyí tí wọ́n jọ fi lélẹ̀: $5,000 lójúmọ́ ní 2012, $8,000 láti 2015. Ọkọ̀ tó bá gùn ju mítà 80 lọ, ọjọ́ kan tirẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan àtààbọ̀. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 dọ́là ló ń wọlé fún gbogbo wọn ní 2010. Láàárín ọdún díẹ̀, ó sún mọ́ mílíọ̀nù 500.

Bí ẹja bá kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan ńkọ́?

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Lọ́dún tí ojú ọjọ́ òkun bá yí sí èyí tí wọ́n ń pè ní El Niño, omi gbígbóná máa ń sún lọ síhà ìlà oòrùn, túnà á sì tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ Kiribati. Lọ́dún La Niña, tó jẹ́ òdìkejì rẹ̀, ó ń padà síhà Papua New Guinea. Ẹni tí ọjọ́ bá ṣẹ́ kù sí lọ́wọ́ lè tà á fún ẹni tí ẹja wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí ìdí fún wọn láti máa jowú ara wọn.

Ta ló ń ṣọ́ wọn?

Àjọ ẹja àwọn erékùṣù tó wà ní Honiara, olú ìlú Erékùṣù Solomon, láti 1979 ń wo ìrìn ọkọ̀. Òfin wọn tún ni pé kí alámòójútó kan wà nínú ọkọ̀ aláwọ̀n ńlá kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ eléwu ni: ọ̀pọ̀ oṣù lójú omi, láàárín àwọn tí ìròyìn rẹ̀ lè kó bá. Àwọn kan nínú wọn ti kú sẹ́nu iṣẹ́, àwọn mìíràn sì di àwátì. Ó yẹ kí a máa rántí wọn nígbàkúùgbà tí a bá ń yin ètò yìí.

Ǹjẹ́ àléébù kankan wà níbẹ̀?

Ó wà. Ẹni tó ra ọjọ́ kan máa fẹ́ pa gbogbo ẹja tó bá lè pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n ń da àwọn nǹkan tó léfòó sójú omi kí ẹja lè kó jọ sábẹ́ rẹ̀, àwọ̀n á sì kó ọmọ bigeye, irú túnà mìíràn tó yẹ kó dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́ skipjack. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fòfin de lílo nǹkan wọ̀nyí fún ìgbà díẹ̀ lọ́dọọdún.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí òkun ṣe ń gbóná sí i. Àwọn onímọ̀ rò pé túnà yóò máa sún síhà ìlà oòrùn, kúrò nínú omi wọn bọ́ sínú òkun gbalasa tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kankan. Ní 2010, wọ́n sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ gbàṣẹ lọ́dọ̀ wọn ò gbọ́dọ̀ pẹja nínú àwọn òkun gbalasa kan tí omi wọn yí ká. Èyí ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òkun tí túnà ń forí lé yìí tẹ́ rẹrẹ jù, omi tiwọn kò sì yí i ká.