Àròṣe ni kí ẹ pè é, kì í ṣe ọnà

Bí ẹ bá rí "iṣẹ́ ọnà fún àyípadà àwùjọ àti àyíká" nínú ìwé, kí ló máa kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn? Ère ni, àbí àdìrẹ tí wọ́n ya ewé sí. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ ní lọ́kàn kò jọ ère rárá. Bí a ṣe ń ro nǹkan jinlẹ̀ kí a tó ṣe é, èyí tí òyìnbó ń pè ní "design", ló ń sọ, ìbáà ṣe ìkòkò, ìbáà ṣe àga ilé ìwé, ìbáà ṣe ilé ìgbẹ́ ọjà, kí nǹkan náà lè tán ìṣòro kan tó ń ni ará ìlú lára, kó má sì ba ilẹ̀ àti omi wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà, "ọnà", ti bo gbogbo èyí mọ́lẹ̀. Àròṣe ni mo ń pè é ní tèmi. Èyí tó bá sì wà fún títún ìlú ṣe, àròṣe atúnlùúṣe ni.

Ẹ wo ọkọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà lè fín òdòdó sára èrúkọ́ yí ká, kò sí ohun tí ìyẹn ṣe fún ẹni tó ń kọ ebè. Ohun tó kan alágbàṣe ni bí irin ṣe tẹ̀ sí igi. Bó bá tẹ̀ jù, ẹsẹ̀ olóko ni yóò máa wá. Bó bá là jù, yóò kàn máa ha ojú ilẹ̀ ni, kò ní wọlé. Igi tó bá ẹni gíga mu yóò sì dá ẹni kúkurú lágara kí oòrùn tó mú. Ẹni tó wo ilẹ̀, tó wo ẹ̀yìn àgbẹ̀, tó wá pinnu ibi tí irin yóò tẹ̀ dé, òun ló ṣe àròṣe. Ẹni tó fín òdòdó sí i ṣe ọnà. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà.

Àwọn kan ní kí a má wulẹ̀ dààmú, kí a kọ "dìsáìnì". Ọ̀rọ̀ àyálò kò bí mi nínú. A yá bẹ́ńṣì, a yá mọ́tò, wọ́n sì mọ́ wa lẹ́nu. Àbùkù dìsáìnì ni pé ó ti ríṣẹ́ ṣe lọ́jà. "Dìsáìnì ańkárá yìí mà wù mí o": òdòdó ara aṣọ ni wọ́n ń sọ. Kòtò tí ọnà já sí náà ló já sí. Àwọn tó ń kọ "ìpète" gbàgbé pé olè náà ń pète, ìpète ibi ló sì máa ń kọ́kọ́ dún létí ẹni. "Àgbékalẹ̀" ló sún mọ́ ọn jù, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń lò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó ti wà nílẹ̀ ni àgbékalẹ̀: àgbékalẹ̀ ìwé, àgbékalẹ̀ òfin. Ẹni tó da iṣẹ́ ẹlòmíì kọ pátápátá náà gbé nǹkan kalẹ̀, kò sì ro ohunkóhun.

Àròṣe ò ṣàjèjì sétí. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ àròkọ, ohun tí a rò tí a sì kọ. Ó mọ àròpọ̀ nínú ìṣirò. Ohun tí a rò tí a sì ṣe, kí ni kí a tún pè é? Àtakò kan wà pé ìtàn àròsọ kì í ṣe òótọ́, pé àròṣe náà yóò dún bí ohun tí a kàn fi ọkàn yà. Àtakò yẹn ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àròsọ parí sí ẹnu nítorí pé "sọ" ló gbẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣe" ló gbẹ̀yìn àròṣe: bí nǹkan ò bá sí nílẹ̀ tí ọwọ́ lè kàn, kò tíì di àròṣe.

Jigawa ni àpẹẹrẹ tó wù mí jù ti wá. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ tí ìdílé rẹ̀ ń mọ ìkòkò, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tan ìkòkò-nínú-ìkòkò, tó ń mú kí ẹ̀fọ́ tutù kó má baà tètè bàjẹ́, ká abúlé níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1995, ó sì gba ẹ̀bùn ilé iṣẹ́ aago Rolex fún un ní ọdún 2000. Ìkòkò amọ̀ méjì ni, kékeré wọnú ńlá, kí àlàfo ìwọ̀n ìka méjì yí i ká. Ẹ fi yanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ tẹ́ ìsàlẹ̀ títí ẹnu méjèèjì yóò fi dọ́gba, ẹ sì fi kún àlàfo náà. Ẹ bu omi sí yanrìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ kó rin gbingbin. Ẹrù wà nínú ìkòkò kékeré, àpò ìdọ̀họ tó rin wà lórí rẹ̀. Omi ń gba ara ìkòkò ńlá yọ síta, afẹ́fẹ́ ń fà á gbẹ, bó sì ti ń gbẹ ló ń kó ooru lọ, gẹ́gẹ́ bí omi àmù ṣe ń tutù. Ikàn tó ń bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 ń lo ọjọ́ 27 níbẹ̀; tẹ̀tẹ̀ tó ń rọ lọ́jọ́ kan ń tó ọjọ́ 12. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń rán kiri ọjà lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọ́ má baà bàjẹ́ wá ráyè lọ sílé ìwé, láìsí iná mànàmáná, láìsí gáàsì kankan tó ń ba ojú sánmà jẹ́. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ará abúlé ò mọ̀wé kà, eré inú fídíò ló fi kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe lò ó. Fídíò yẹn náà wà lára àròṣe.

Ẹni tó bá gbé e wá sí Èkó láìtún un rò yóò kàn máa dá ìkòkò lẹ́bi lásán. Níbi tí ooru ti jẹ́ 35°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ jẹ́ 20%, omi tó ń gbẹ lè fa ooru wálẹ̀ dé nǹkan bí 19°C. Ní Èkó lákòókò òjò, bí ooru bá jẹ́ 30°C, tí ọ̀rinrin jẹ́ 85%, kò lè fà á wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 28°C. Afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó kò gba òmíràn mọ́. Ní Òkè-Ògùn nígbà ọyẹ́, ìyẹn yàtọ̀. Ìkòkò tí ẹ gbé sí yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ń tì kò ní tutù. Ibòji tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni ipò rẹ̀, lórí nǹkan tó gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Omi oníyọ̀ máa ń dí ojú ihò ara amọ̀. Èyí tó sì dùn mí jù ni ti ẹni tó kun ìta ìkòkò ńlá lọ́dà kó lè rẹwà: ọ̀dà dí gbogbo ihò, omi ò ráyè jáde, ìkòkò di àpótí gbígbóná. Ọnà pa àròṣe níbẹ̀. Ìkòkò kékeré lè dán bí tánńganran, kò ní nǹkan án ṣe. Ti ìta ni kò gbọdọ̀ dán.

Ilé ẹ̀kọ́ orí omi ní Màkókó, ní Èkó, kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Kúnlé Adéyẹmí, ayàwòrán ilé, ló ṣe àròṣe rẹ̀, ó parí ní ọdún 2013: igi àti ọparun lórí àgbá oníke 256, àjà mẹ́ta. Ó bá omi mu, ó bá ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sílé ìwé mu. Òjò ńlá wó o ní oṣù kẹfà ọdún 2016, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kúrò níbẹ̀. Igi tó wà lórí ọ̀sà ń rà, ìṣó ń dípẹtà, ìdè ń tú. Ta ni yóò máa wò ó lóṣooṣù, owó ta ni yóò fi ra ìṣó tuntun? Ìbéèrè yẹn kì í ṣe ti ẹ̀yìn iṣẹ́, àárín àròṣe ló yẹ kó wà, pẹ̀lú iye àgbá.

Ó ku "àyípadà". Àgbàrá tó gbé ilé lọ náà mú àyípadà wá. Àtúnṣe ni a ń wí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ atúnlùúṣe. Kò sì pọn dandan kí a tún fi "àyíká" lé e lẹ́yìn, nítorí pé ìlú tí odò rẹ̀ ti bàjẹ́ kò tíì tún ṣe.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yìí ni aròṣe, bí a ṣe ń pe ẹni tó ń pẹja ní apẹja: ohùn àárín lórí "a". Ohun tó ṣe ni àròṣe, ohùn ìsàlẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ ìwé yín kì í bá fi àmì sí ọ̀rọ̀, ẹ kọ "oníṣẹ́ àròṣe" fún ènìyàn, kí òǹkàwé má baà ṣì í pè.