Jíjò Ohùn: Ohun Tí Ó Ń Wọ Inú Máìkì Ẹlòmíràn Nígbà Tí Ẹbí Bá Ń Gba Orin Jáàsì Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á wo ọkùnrin mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, tí wọ́n kó ara wọn jọ sínú yàrá kan láti gba àwo orin tuntun sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ń ta béèsì ńlá onígi, ẹni tí ó tẹ̀lé e ń fọn sakisofóònù, àbúrò wọn sì jókòó sídìí ìlù. Máìkì wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó wà níwájú béèsì yóò gba ohùn béèsì, ṣùgbọ́n máìkì kò mọ ohùn tí a gbé e kalẹ̀ fún, nítorí náà ìró ìlù tí ó wà ní igun yàrá yóò wọ inú rẹ̀, ti sakisofóònù náà yóò sì wọlé. Ohùn àlejò yìí, tí ó bá ara rẹ̀ nínú máìkì tí kì í ṣe tirẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ sítúdíò ń pè ní bleed. Èmi yóò pè é ní jíjò ohùn, nítorí pé bí omi ṣe ń wá ojú ihò gbà nínú òrùlé ni ohùn ṣe ń wá ọ̀nà gbà nínú yàrá.

Àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta náà kì í ṣe àròsọ. Percy Heath, tí a bí ní ọdún 1923, ni ó ń ta béèsì. Jimmy, tí a bí ní 1926, ni ó ń fọn sakisofóònù. Albert, tí a bí ní 1935 tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tootie, ni ó ń lu ìlù. Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n dàgbà sí, lọ́dọ̀ bàbá tí ó ń tún ọkọ̀ ṣe tí ó sì ń fọn klarinẹ́ẹ̀tì, àti ìyá tí ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Oníkálukú ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀gá orin jáàsì kí wọ́n tó dá ẹgbẹ́ tiwọn, Heath Brothers, sílẹ̀ ní ọdún 1975. Nígbà tí àwo ẹgbẹ́ náà tí ń jẹ́ Endurance jáde ní 2009, Percy ti kú láti 2005, Jimmy sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Kí ni ó burú nínú jíjò ohùn? Ọ̀rọ̀ náà wà nínú àkókò. Ohùn a máa rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlù bá jìnnà sí máìkì béèsì ní mítà mẹ́ta ààbọ̀, ìró rẹ̀ yóò dé ibẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, nígbà tí ó ti kọ́kọ́ wọ inú máìkì tirẹ̀. Bí a bá wá da ohùn inú máìkì méjèèjì pọ̀, ẹyọ ìlù kan ṣoṣo ti di méjì tí ọ̀kan ń tẹ̀lé èkejì pẹ́kípẹ́kí. Ìgbì àwọn méjèèjì a máa ti ara wọn lẹ́yìn ní ibì kan, wọn a sì máa pa ara wọn rẹ́ ní ibòmíràn, tí ìlù yóò fi máa dún bí ẹni pé inú àgbá òfìfo ni a ti ń lù ú. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ohùn fi ní òfin mẹ́ta sí ọ̀kan: bí máìkì bá jìnnà sí olórin rẹ̀ ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, kí máìkì tí ó tún súnmọ́ ọn jìnnà sí i ní àádọ́rùn-ún, ó kéré tán. Òfin náà kò dí ihò pátápátá. Ó kàn ń mú kí ohùn tí ń jò kéré débi pé kò lè ba ohùn onílé jẹ́.

Àwọn kan ń fẹ́ dí i pátápátá. Wọn a ti olórin kọ̀ọ̀kan mọ́ inú yàrá kékeré onígíláàsì, wọn a sì fi ẹ́ẹ̀fóònù sí i létí kí ó lè gbọ́ àwọn tí ó kù. Tàbí kí wọ́n gba ìlù sílẹ̀ lónìí, béèsì lọ́la, fèrè ní ọ̀tunla. Èrè ibẹ̀ kò kéré. Bí oní-béèsì bá ṣi ìka gbé, òun nìkan ni yóò padà wá tún un ṣe. Bí ohùn bá ń jò, èyí kò ṣeé ṣe, nítorí pé bí a tilẹ̀ pa béèsì tí ó ṣìnà rẹ́ nínú máìkì rẹ̀, àṣìṣe náà ṣì wà nínú máìkì ìlù, yóò sì máa dún lábẹ́ èyí tuntun bí iwin.

Síbẹ̀, èmi gbà pé àdánù ńlá ni fún ẹbí tí ó ti ń ṣeré pọ̀ láti ìgbà èwe bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Nínú jáàsì, ojú ẹsẹ̀ ni a ń dá ọ̀pọ̀ orin, onílù sì ń yí ọwọ́ padà nítorí ohun tí onífèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ fọn. Ohùn béèsì onígi kò tó ti ìlù rárá, nítorí náà onílù ní láti máa fi etí ara rẹ̀ wọn agbára ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti wo ìdílé Àyàn lẹ́nu iṣẹ́ yóò mọ̀ pé onígúdúgúdú kì í dúró de ẹni tí yóò sọ fún un kí ó tó dẹ ọwọ́ nígbà tí ìyáàlù bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ́ẹ̀fóònù bá wà létí, ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ni ó ń pinnu bí béèsì yóò ṣe dún tó ní etí onílù, iṣẹ́ etí sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn olórin.

Ọ̀nà àárín wà, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. A ó tẹ́ ẹní sílẹ̀, a ó gbé pátákó ìdènà tí kò ga ju àyà lọ sí àárín kí wọ́n lè máa rí ojú ara wọn, a ó sì lo irú máìkì kan tí ó ń gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dití, kí a lè kọ ẹ̀gbẹ́ náà sí ìlù. Ohùn yóò ṣì máa jò, ṣùgbọ́n yóò jò bí a ṣe fẹ́ kí ó jò.

Ẹbí mìíràn jà fún ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. Ellis Marsalis ti New Orleans, atẹ-dùùrù, bí Branford, Wynton, Delfeayo àti Jason, tí gbogbo wọn di olórin jáàsì. Delfeayo, tí ó ń fọn trọ́ḿbóònù, tún ni ó ń darí ìgbàsílẹ̀ ọ̀pọ̀ àwo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ sítúdíò máa ń so wáyà mọ́ béèsì kí ohùn rẹ̀ lè gba inú wáyà lọ tààrà láìkan afẹ́fẹ́, kò sì sí ohun tí ó lè jò sínú rẹ̀. Delfeayo kọ̀ ọ́, ó sì kọ ọ́ sára àwọn àwo náà pé àwọn kò lo wáyà yìí, kí ohùn igi lè pọ̀ sí i nínú béèsì. Ní tèmi, òtítọ́ ni ó sọ: béèsì tí kò gba inú afẹ́fẹ́ kọjá a máa dún bí rọ́bà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi etí ara rẹ̀ gbọ́ gbogbo èyí, kí ó wá orin Bags' Groove, tí Miles Davis, tí ń fọn fèrè tùrọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, gbà sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1954. Pálọ̀ àwọn òbí Rudy Van Gelder, ẹni tí ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ní ìlú Hackensack ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe é. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ojú ni Van Gelder fi ń jẹun nígbà náà. Percy Heath ni ó wà nídìí béèsì, Kenny Clarke nídìí ìlù. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ohùn bá wọ inú tẹ́èpù, kò sì sí ẹni tí ó lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì mọ́. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, èyí tí à ń pè ní take. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbà á tí ó wọ inú àwo: ìkíní lé ní ìṣẹ́jú 11, ìkejì lé ní 9, méjèèjì kò sì jọra. Nígbà tí Davis ń dá fèrè rẹ̀ fọn, Thelonious Monk gbé ọwọ́ kúrò lórí dùùrù pátápátá. Ibẹ̀ ni kí ẹ tẹ́tí sí. Béèsì Percy àti ìlù nìkan ni ó kù lẹ́yìn fèrè, a sì ń gbọ́ afẹ́fẹ́ pálọ̀ náà láàárín wọn.