Ṣé dandan ni kí ọmọ gba dìgírì kí ó tó kọ́ iṣẹ́ dókítà?

Ìyá kan tí ó ń ta aṣọ ní Ajílòsun, ní Adó-Èkìtì, mú èsì ìdánwò WAEC ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi, nítorí pé iṣẹ́ mi ni láti máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama nímọ̀ràn. Ó ti fi ọ̀rá wé ìwé náà kí omi má baà kàn án, ó sì ti fi báírò yí C6 tí ọmọ gbà nínú Físíìsì po. Ọmọ náà ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi ọdún mẹ́rin gba dìgírì kò lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn, wọ́n sì ti fẹ́ fi Microbiology sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Àwọn ohun tí wọ́n bi mí nìyí, pẹ̀lú èsì tí mo fún wọn.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ yìí kà?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni fún Amẹ́ríkà, kì í ṣe òótọ́ fún Nàìjíríà. Níbí, láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni ọmọ ti ń bọ́ sí ẹ̀kọ́ ìṣègùn tààrà. Kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń wò, nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì, C6 sì wà lára kírẹ́díìtì, nítorí náà kí ìyá fọkàn balẹ̀ lórí èyí tí ó fi báírò yí po. Lẹ́yìn náà ni JAMB, tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 400 lápapọ̀, tí ọmọ yóò fi Gẹ̀ẹ́sì àti sáyẹ́ǹsì mẹ́ta yẹn ṣe, kí ó tó kan àyẹ̀wò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, oyè tí wọ́n sì ń gbà ní ìparí rẹ̀, MBBS, òun gan-an ni dìgírì àkọ́kọ́. Ẹ kò nílò láti jìnnà sílé: Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì àti yunifásítì Afẹ́ Babalọlá ń kọ́ ọ ní Adó níbí.

Ibi tí ìṣòro wà ni àyè. Àjọ MDCN, tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan lè gbà, ìdí sì nìyẹn tí máàkì tí wọ́n ń béèrè fún ìṣègùn fi máa ń ga ju ti àwọn iṣẹ́ yòókù lọ.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí ti Amẹ́ríkà fi yàtọ̀?

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti kọ́ tiwa. Nígbà tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1948, abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń gba ọmọ láti girama sí ìṣègùn títí di òní. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Johns Hopkins, tí ó ṣí ní ọdún 1893, ló kọ́kọ́ ní kí gbogbo ẹni tí ń bọ̀ ti ní dìgírì, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ṣì kọ ọ́ sínú òfin wọn pé kírẹ́díìtì yunifásítì 90 (ìyẹn ìwọ̀n iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe ní yunifásítì, kì í ṣe irú kírẹ́díìtì WAEC) tó, dípò nǹkan bí 120 tí dìgírì máa ń gbà, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó mú ẹni tí kò ní dìgírì.

Ìbéèrè: Bí ọmọ bá wọlé fún Microbiology, ṣé kò lè ti ibẹ̀ kọjá sí ìṣègùn?

Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ó gba Biochemistry nítorí pé wọ́n ṣèlérí fún un pé yóò “kọrọ́ọ̀sì” ní ọdún kejì. Àyè kò yọ, ó sì ka ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá gba dìgírì sáyẹ́ǹsì tí ó dára lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ìṣègùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró ni. Bí máàkì JAMB kò bá tó, ó sàn kí ọmọ tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀, tàbí kí ó fi ọdún kan ka JUPEB tàbí IJMB, ìyẹn àwọn ètò ẹ̀kọ́ tí ó ń múni gbaradì fún yunifásítì, tí àwọn náà ń ṣílẹ̀kùn ọdún kejì ní àwọn yunifásítì tí ó bá gbà wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì náà kí ẹ tó sanwó.

Ìbéèrè (ọmọ náà ló béèrè èyí): Bí mo bá wá fẹ́ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀la, ṣé wọn kò ní ní kí n lọ gba dìgírì kan sí i?

Ìdáhùn: Wọn kò ní béèrè. Dókítà tí ó gba MBBS ní Nàìjíríà yóò ṣe USMLE, ìdánwò ìwé-àṣẹ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, yóò gba ìwé-ẹ̀rí ECFMG, tí wọ́n ń fún dókítà tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè, yóò sì wá ilé-ìwòsàn tí yóò gbà á fún residency, ìyẹn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí dókítà ń ṣe nínú ilé-ìwòsàn lẹ́yìn oyè rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ọdún residency yẹn yóò ti kọjá, bí o tilẹ̀ ti ṣe housemanship tìrẹ, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ tí dókítà tuntun ń ṣe ní Nàìjíríà, ní Èkìtì níbí.