Irun tí ẹ dì lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú kò ní dín owó orí yín kù

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn onídìrí, àwọn tó ń wé gèlè àti àwọn tó ń ṣe makeup fún ìyàwó ní Houston, Atlanta, Maryland àti níbikíbi tí ọmọ Yorùbá bá pọ̀ sí ní Amẹ́ríkà. Bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ aláàánú bá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn tọrẹ níbi ayẹyẹ ìkówójọ, wọ́n á ní: "Kò burú, 250 dọ́là ni mo ń gbà lórí knotless (irun dídì tí kò ní kókó ní ìdí), màá yọ ọ́ nínú owó orí mi." Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin owó orí ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni yọ iye àkókò rẹ̀ tàbí iye iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé Publication 526. Wákàtí mẹ́fà tí ẹ fi dúró, ìka tó ń ro yín, iye tí oníbàárà mìíràn ì bá san: òdo ni gbogbo rẹ̀ lórí ìwé.

Ó lè dà bí ìrẹ́jẹ, àmọ́ ẹ tẹ̀ lé ìṣirò náà. Bí oníbàárà bá san 250 dọ́là fún yín, ẹ ó kọ ọ́ sínú Schedule C, ìwé tí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ fi ń ṣírò èrè iṣẹ́ rẹ̀, pé owó wọlé, ìjọba á sì gba owó orí lórí rẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé 250 yẹn fún ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ lè bèèrè pé kí wọ́n yọ ọ́, torí ó ti kọ́kọ́ wà nínú ìṣirò. Irun ọ̀fẹ́ kò mú kọ́bọ̀ wọlé. Ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gba owó orí lórí rẹ̀. Ohun tí kò sí nínú igbá, kí la fẹ́ bù níbẹ̀? Bí ẹ bá yọ 250 síbẹ̀, inú owó oníbàárà mìíràn lẹ ti yọ ọ́. Bí wọ́n bá rí i, ẹ ó san owó tó kù, ẹ ó san èlé lórí rẹ̀, owó ìtanràn tó tó ìdá 20 nínú 100 owó tó kù ọ̀hún sì lè tẹ̀ lé e.

Àwọn kan ti wá ọgbọ́n dá sí i: kí ẹgbẹ́ náà kọ ṣẹ́ẹ̀kì 250 fún mi, kí n sì dá a padà fún wọn. Òfin ò sọ pé kí ẹ má ṣe é, àmọ́ àdánù ni. 250 yẹn ti di èrè iṣẹ́ báyìí, owó orí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, èyí tó ń lọ sí Social Security (owó ìfẹ̀yìntì) àti Medicare (ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà), á sì mú nǹkan bíi 35 dọ́là níbẹ̀. Orí Schedule A, ìwé tí wọ́n ń to ìnáwó ara ẹni tó ṣeé yọ sí lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ ti ń yọ ọrẹ, kò sì kan 35 yẹn rárá. Lọ́dún 2025, ẹni tó bá fẹ́ lo Schedule A gbọ́dọ̀ ní ohun tó ju 15,750 dọ́là lọ láti yọ bó bá dá wà, tàbí 31,500 bí tọkọtaya bá jọ fi ìwé sílẹ̀, kó tó jẹ èrè kankan, torí iye yẹn ni ẹni tí kò lo Schedule A ń yọ láìto nǹkan kan sílẹ̀. Láti ọdún 2026, ẹni tí kò lo Schedule A lè yọ ọrẹ tó tó 1,000 dọ́là, tọkọtaya 2,000, ṣùgbọ́n owó nìkan ni, kì í ṣe iṣẹ́.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá kò ṣòro rí. Fọ́ọ̀mù tí ẹgbẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ tọrẹ ní àyè kan tó ń bèèrè iye tí nǹkan náà ń lọ lọ́jà. Ẹ ti kọ 250 síbẹ̀. Lẹ́tà ìdúpẹ́ dé lóṣù kìíní, 250 wà nínú rẹ̀ gedegbe, ẹ sì gbé e fún ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí. Ẹni tó ra káàdì yín (èyí tí ẹgbẹ́ ń tà, tí ẹni tó rà á á fi wá dirun lọ́dọ̀ yín) ní gbàǹjo ni wọ́n tìtorí rẹ̀ bèèrè iye yẹn. Bí ènìyàn bá san ju 75 dọ́là lọ fún ẹgbẹ́ aláàánú, tó sì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye nǹkan náà fún un. Ẹni tó fi 400 gba irun 250 lè yọ 150. Ẹni tó fi 180 gbà á kò ní nǹkan kan láti yọ.

Kì í ṣe pé ohun gbogbo bọ́ sófo fún ẹ̀yin náà. Àtáṣímẹ́ńtì àti jẹ́ẹ̀lì tí ẹ fi owó ara yín rà fún iṣẹ́ náà ṣeé kà, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá ti wà lára ọjà ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kọ sí ìlà 22 lórí Schedule C, ẹ má tún gbé wọn lọ sí Schedule A. Bí ẹ bá wakọ̀ lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹgbẹ́ náà, 14 sẹ́ǹtì ni lórí máìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó páàkì àti owó ojú títì. Ogójì máìlì á fún yín ní 5 dọ́là 60 sẹ́ǹtì. Ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ lọ àti iye máìlì sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Wíìgì yàtọ̀, torí ọjà ni. Síbẹ̀, bí ẹ bá ra wíìgì ní 90 dọ́là, tí ẹ ń tà á ní 220, ẹ ò lè yọ 220. Bí ẹ bá rà á lọ́dún yẹn náà, 90 ọ̀hún máa wà nínú iye tí ẹ fi ra ọjà tí ẹ tà, ó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá sì sanwó kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lè wà nínú ìwé ètò ayẹyẹ, ìpolówó ọjà nìyẹn, ìlà 8 lórí Schedule C ló ń lọ. Lójú tiwa, èyí sàn fún oníṣẹ́ kékeré ju Schedule A lọ, torí ó ń dín èrè kù kí wọ́n tó ṣírò owó Social Security àti Medicare.

Ẹ tún wo irú ẹgbẹ́ tó ń bẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú mìíràn ní ìwé 501(c)(3), èyí tó fi hàn pé ẹgbẹ́ aláàánú ni lójú òfin owó orí, òmíràn jẹ́ ẹgbẹ́ ìgbafẹ́ lásán, ọrẹ tí ẹ bá fún irú èyí kò ṣeé yọ rárá. Ẹ lè wá orúkọ wọn lórí ìkànnì IRS. Ṣọ́ọ̀ṣì lè má sí níbẹ̀, torí òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n kọ̀wé bèèrè ìwé 501(c)(3) yẹn.

Ẹ fi iṣẹ́ yín tọrẹ, a ò ní kí ẹ má ṣe é. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n ẹ mọ iye tó ń ná yín. Káàdì tó kàn kọ "irun dídì lọ́fẹ̀ẹ́" ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó rà á á dé ní Sátidé ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì, irun àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, kò mú àtáṣímẹ́ńtì dání, ó sì fẹ́ knotless tín-ín-rín tó balẹ̀ dé ìdí. Wákàtí mẹ́sàn-án lọ, oníbàárà méjì tó fẹ́ sanwó sì ti yà sí ibòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sójú káàdì: knotless alábọ́ọ́dé, gígùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá àárín ẹ̀yìn, ta ló ń ra àtáṣímẹ́ńtì, títú irun àtijọ́ àti fífọ irun kò sí nínú rẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ nìkan, kí a kọ́kọ́ pè, a kì í fi gba owó padà. Òfin ìpínlẹ̀ lórí ọjọ́ tí káàdì máa kásẹ̀ kò dọ́gba, ẹ bi ẹgbẹ́ náà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Tábìlì gèlè níbi ayẹyẹ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: wákàtí méjì, páálí pín-ìn-nì kan, 20 dọ́là fún gèlè kan. Kí ẹnì kan látinú ẹgbẹ́ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àpótí wọn, kí owó má sì wọ Zelle (ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù) yín. Bó bá gba inú àpótí wọn, tiwọn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá kọ́kọ́ wọ àpò ṣọ́ọ̀bù, ó ti di owó tó wọlé fún yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.